Ẹ Má Torí Àlejò Dín Irú Kù

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń dáná oúnjẹ tà nílẹ̀ Ìgbómìnà, ẹ fetí sí mi. Àlejò ti pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Láti ọdún 2011 tí Yunifásítì Landmark ti bẹ̀rẹ̀ ní Òmù-Àrán ni àwọn ọmọ ẹ̀yà mìíràn ti ń jókòó sí búkà wa. Ebi ń pa àwọn tó ń wá wo ère òkúta ní Èsìẹ́ náà, níbi tí wọ́n ti ṣí mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 1945. Ohun tí ẹ bá gbé síwájú wọn ni wọn yóò máa pè ní oúnjẹ Ìgbómìnà.

Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí bí mo bá rí ọmọ tó mọ ọbẹ̀ í sè, tó wá ń dín irú kù kí àlejò má baà yínmú. Ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tiwa mọ́, kì í sì í ṣe ti àlejò. Kí ló fẹ́ torí rẹ̀ padà wá?

Ẹ wo àwọn ará Bọ́mà, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun wa ti jà nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n máa ń sé ewé tíì mọ́lẹ̀ títí yóò fi kan, wọn a sì jẹ ẹ́. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí lè sá. Ṣùgbọ́n nílé oúnjẹ wọn ní San Francisco, wọn a gbé àwo kalẹ̀, ewé náà láàárín, ẹ̀pà, yànmọ̀tí, aáyù díndín àti ẹ̀wà díndín yí i ká lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó gbé e wá á dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á wá pò ó lójú oníbàárà. Wọn ò yọ kíkan rẹ̀ kúrò. Wọ́n jẹ́ kí ojú mọ̀ ọ́n kó tó dénu.

Ẹ̀yin náà, irú tó dáa ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Èyí tó jinná, tí wọ́n sì bò dáadáa, bí ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́, yóò fọ́ wẹ́rẹ́. Ẹ ṣà á, ẹ fọ iyanrìn ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà nínú epo kí ata tó wọlé.

Bí àlejò bá ń wo ọbẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn án, ẹ má fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ bu ọbẹ̀ díẹ̀ àti òkèlè iyán kan fún un, ẹ má gbowó rẹ̀. Ẹ sọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ fún un, nítorí èèwọ̀ àti ohun tí ara kì í gbà. Bó bá ní òun ò fẹ́, ẹ fún un ní nǹkan mìíràn tẹ̀rín tọ̀yàyà. Kí ọmọ tó ń gbé àwo náà mọ ọbẹ̀ bí ẹni tó sè é, torí òun ni àlejò ń bi léèrè.

Àlejò yóò jẹun tán, yóò lọ. Àwọn ọmọ yín ni yóò máa jẹ nínú ìkòkò yẹn lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ń dín irú kù, ibo ni wọ́n ti fẹ́ mọ adùn ọbẹ̀ ilé wọn?