Kí Ọ̀rọ̀ Má Bàa Sọnù: Ṣe àti Má Ṣe fún Ẹni Tó Fẹ́ Pààrọ̀ Ọpọlọ Họ́ọ̀mù Tíátà

Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́: ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ̀rọ inú pálọ̀ kò bá gbé ohùn jáde gaara, a ó gbọ́ ìlù, a ó gbọ́ ìró ìbọn, ṣùgbọ́n òwe tí bàbá arúgbó inú fíìmù pa yóò fò wá ru. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Mákùn ní Ṣágámù tẹ́ ẹ fẹ́ pààrọ̀ prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ tó ń pín ohùn fún sípíkà kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ẹnu ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú.

KẸ́ Ẹ TÓ NÁWÓ

Ṣe: Ẹ wo irú ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ní. Họ́ọ̀mù tíátà tí DVD, prósẹ́sọ̀ àti ampilífáyà jọ ń gbé inú àpótí kan kò ṣeé tú ọpọlọ rẹ̀ pààrọ̀. Rísífà tuntun, ìyẹn ẹ̀rọ tí prósẹ́sọ̀ àti ampilífáyà jọ wà nínú rẹ̀, ni yóò rọ́pò àpótí náà látòkè délẹ̀.

Ṣe: Ẹ yí ẹ̀yìn sípíkà padà, kẹ́ ẹ ka iye ohm tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ sípíkà tó bá àpótí bẹ́ẹ̀ wá jẹ́ ohm 3 tàbí 4, bẹ́ẹ̀ ohm 6 sí 8 ni ọ̀pọ̀ rísífà ń fẹ́. Bí ti sípíkà bá kéré sí èyí tí rísífà gbà, rísífà á máa gbóná, á sì máa pa ara rẹ̀.

Má ṣe: Ẹ má ra prósẹ́sọ̀ tó dá dúró bí ẹ kò bá ní ampilífáyà nílẹ̀. Ó ń pín ohùn ni, kò lágbára tó lè ti sípíkà. Inú rísífà ni méjèèjì ti pé.

Má ṣe: Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá fà yín lọ. 5.1 ni sípíkà márùn-ún àti wúfà kan. 7.1.4 ni méje, wúfà kan, pẹ̀lú mẹ́rin lókè. Dolby Atmos dé ilé sinimá ní 2012, ó dé pálọ̀ ní 2014, ohùn tó ń ti òkè bọ̀ sì ni iyì rẹ̀. Bí yàrá yín kò bá gbà ju sípíkà márùn-ún lọ, ẹ ra èyí tó tó márùn-ún, kẹ́ ẹ fi owó tó kù ra sípíkà àárín tó dáa.

NÍ ỌJÀ

Ṣe: Ẹ ka àlẹ̀mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ 120V, 60Hz. Iná tiwa jẹ́ 230V, 50Hz. Bí ẹ bá ki irú rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan péré, ó lè jóná. Bó bá wù yín dandan, ẹ wá transfọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀, kí agbára rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ dáadáa: bí ẹ̀rọ bá ń jẹ watt 500, ẹ wá ti 1000.

Ṣe: Bí ẹ bá ti Ṣágámù gba márosẹ̀ lọ sí ọjà Alaba International ní Òjó, l’Ékòó, ẹ mú dísìkì fíìmù kan tẹ́ ẹ mọ̀ bí ẹni mowó dání. Ẹ ní kí wọ́n so sípíkà mọ́ ojúhò kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ níkọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn fún ẹni tó fẹ́ dá ọjà padà.

Má ṣe: Ẹ má ra èyí tí kò ní HDMI ARC tàbí eARC. Ojúhò yìí ló ń dá ohùn tẹlifíṣọ̀n padà sí rísífà. Wáyà optical lè gbé Dolby Digital 5.1, àmọ́ kò lè gbé TrueHD tàbí Atmos.

Má ṣe: Ẹ má kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìgba rìmóòtù àti máìkì kékeré tí wọ́n fi ń wọn ohùn. Ohun tó máa ń sọnù lára tòkunbọ̀ nìyẹn.

NÍLÉ

Ṣe: Ẹ yọ gbogbo ẹ̀rọ kúrò lára iná kẹ́ ẹ tó so wáyà. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Bí ọ̀kan bá yí padà, ohùn ìsàlẹ̀ á gbẹ.

Ṣe: Ẹ to sípíkà bí onídùndún ṣe ń to ẹgbẹ́ rẹ̀. Sípíkà àárín ni ìyáàlù, òun ló ń sọ̀rọ̀: ẹ gbé e sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kó kọjú sí etí yín. Tọ̀tún tòsì iwájú á yà ní ìwọ̀n dígírì 30 sí ibi tẹ́ ẹ jókòó. Méjì tó kù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó fì sẹ́yìn díẹ̀, ní nǹkan bíi dígírì 110.

Ṣe: Ẹ wọn ohùn ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí Mákùn ṣì dákẹ́. Ẹ pa fáànù àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ gbé máìkì síbi tí etí yín máa ń wà. Ohùn ń rìn ní nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà prósẹ́sọ̀ máa ń dá èyí tó súnmọ́ yín dúró díẹ̀, kí gbogbo wọn lè jọ dé.

Ṣe: Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá orí YouTube, ọ̀nà méjì péré ni ohùn wọn. Ẹ tan Dolby Surround tàbí DTS Neural:X fún wọn, á fa ọ̀rọ̀ ẹnu wá sí àárín. Bí kò bá tíì dún tó, ẹ fi decibel 2 tàbí 3 kún sípíkà àárín.

Má ṣe: Ẹ má dá prósẹ́sọ̀ lẹ́bi nígbà tó jẹ́ pé yàrá ló ń gbohùn padà. Táìlì àti ògiri òfìfo ló ń da ọ̀rọ̀ rú. Ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ ta kọ́tìnì tó nípọn.

Má ṣe: Ẹ má fi aṣọ bo rísífà, ẹ má sì gbé dékódà lé e. Ó gbọ́dọ̀ mí.

Má ṣe: Bí iná bá lọ, ẹ má fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Iná tó ń padà bọ̀ máa ń wá pẹ̀lú agbára. Ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí iná fìdí múlẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún un tàn.

Má ṣe: Ẹ má gbé wúfà ti ògiri tẹ́ ẹ jọ pín pẹ̀lú aládùúgbò. Ohùn ìsàlẹ̀ ń gba inú ògiri kọjá, ọmọ ọwọ́ sì lè wà lódì kejì.

Bẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ pe ìyá yín wá jókòó, kẹ́ ẹ tan fíìmù kan. Bí màmá bá rẹ́rìn-ín sí òwe tí wọ́n pa, tí wọn kò sì yíjú sí yín láti béèrè pé, “Kí ló wí?”, owó yín kò ṣòfò.