Ọmọ Tó Jẹ́ Aláàbọ̀ Ara Ń Dàgbà: Kí Lẹ Ti Ṣe Sílẹ̀?

 

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kan àwa tí a ní ọmọ tó jẹ́ aláàbọ̀ ara: èyí tí kò lè rìn dáadáa, tí kò gbọ́ràn, tí kò ríran, tàbí èyí tí wárápá ń dà láàmú. Ìtọ́jú ọmọdé ní ọsibítù níbi tó mọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ni ọmọdé. Àwọn ọsibítù mìíràn kì í tilẹ̀ dúró dìgbà yẹn kí wọ́n tó ní kí ọmọ lọ bá dókítà àwọn àgbàlagbà.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ń ta ata. Láti kékeré ló ti ń mú ọmọ rẹ̀ lọ gba oògùn wárápá. Ìyá ló mọ orúkọ oògùn, òun ló ń bá dókítà sọ̀rọ̀, àpò rẹ̀ ni káàdì ń gbé. Lọ́jọ́ kan nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ọmọ yín ti dàgbà kọjá ọ̀dọ̀ wa." Kò gba lẹ́tà, kò mọ ibi tó kàn. Ó ní kí òun kọ́kọ́ ná ọjà ọ̀sẹ̀ yẹn tán. Oògùn bá tán nílé. Ẹ gbọ́ o: ẹni tó bá ṣàdédé dá oògùn wárápá dúró, ó lè máa gbé e léraléra, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Kí irú èyí má baà bá wa, ohun tí a ó ṣe nìyí:

1. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ọmọ bá ti tó ọdún 13 tàbí 14, ẹ jẹ́ kó máa fẹnu ara rẹ̀ dá dókítà lóhùn. Kó mọ orúkọ àìsàn rẹ̀, oògùn rẹ̀, àti aago tó ń lò ó. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ kọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kan.

2. Ẹ gba lẹ́tà kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà ọmọdé. Kí àìsàn, oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ bèèrè ibi tí ẹ ó lọ àti ọjọ́ tí ẹ ó lọ, kí oògùn ọwọ́ yín tó tán. Ẹ ṣe fọ́tókópì, ẹ fi sínú náílọ́ọ̀nù.

3. Ẹ wá ìwé rẹ̀: ìwé ọjọ́ ìbí, NIN, àti ìwé ẹ̀rí pé ó jẹ́ aláàbọ̀ ara. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní January 2019 fàyè gba ìwé ẹ̀rí yìí. Dókítà ló máa kọ́kọ́ kọ lẹ́tà. Òfin náà ní kí wọ́n máa kọ́kọ́ dá irú wọn lóhùn lórí ìlà, ó sì ní kí iléeṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí wọ́n tó ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ lọ bá LASODA.

4. Ẹ fún un níṣẹ́. Kó máa ka owó ní ìsọ̀, kó dá àjọ lórúkọ ara rẹ̀. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni mú un lọ ṣagbe: òfin 2019 yẹn kan náà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 wà níbẹ̀.

5. Ẹ má dá a gbé. Ẹ sọ fún aládùúgbò ìsọ̀ yín. Bí ọjọ́ ọsibítù bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ẹnìkan á bá yín jókòó ti ọjà.

Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ìbéèrè tí a ó jọ dáhùn nípàdé nìyí: bó bá rẹ ẹ̀yin fúnra yín lónìí, tí ẹ ò lè dìde, ta ló mọ oògùn ọmọ yín, ta ló sì mọ ibi tí káàdì rẹ̀ wà?