Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: A FẸSẸ̀ RIN ÀÁRÍN ÌLÚ ÀJÀṢẸ́

Ẹ kọ́kọ́ kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan kà á sókè fún ẹgbẹ́.

Ọ̀pọ̀ wa ní Albarika ti wọ ọkọ̀ dé Kútọnu. Láti Kútọnu dé Àjàṣẹ́ jẹ́ nǹkan bí 30 kìlómítà. Àjàṣẹ́ yìí ni àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Òun ni olú-ìlú orílẹ̀-èdè wa. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kì í rí ìlú dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ààfin Honmè. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀. Ibẹ̀ ni ààfin Ọba Toffa, ẹni tó jọba láti ọdún 1874 títí di ọdún 1908. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di ilé tí a ń kó ohun àtijọ́ sí.

Ẹ yà sí apá ọjà. Ẹ óò rí mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ kan. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kí ló fà á? Àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ, àwọn tí ìran wọn ti oko ẹrú padà wá láti ilẹ̀ Bràsíìlì. Ní ọdún 1835, àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, dìde ogun sí àwọn tó rà wọ́n ní Bahia. Ogun náà kò ṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n lé ọ̀pọ̀ padà sí Áfíríkà, àwọn mìíràn sì fúnra wọn padà. Iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà tí wọ́n kọ́ lọ́hùn-ún ni wọ́n mú bọ̀ wálé.

Ní àwọn ọ̀nà tóóró, ẹ óò rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ìran wọn kọ́. Ọnà wà lára ògiri wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti ń wó. Òjò ń jẹ amọ̀. Ajogún pọ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ dá owó àtúnṣe san.

Mo dúró níwájú ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, ta ló kọ́ ilé yìí?”

“Ìyá wa àgbà ló mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Wọ́n ti kú. A kò kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. A lè tún ilé mọ, ṣùgbọ́n níbo ni a ó ti rí orúkọ tó sọnù? Albarika náà ní àwọn àgbà. Ẹ̀yin sì ti mọ̀ ọ́n kọ.

Ọ̀RỌ̀ TÍ A Ó PÍN SÍ WẸ́WẸ́
a-mọ̀, a-jo-gún, à-à-fin, mọ́-ṣá-lá-ṣí

ÌBÉÈRÈ
1. Ọdún mélòó ni Ọba Toffa lò lórí oyè?
2. Kí ló dé tí mọ́ṣáláṣí náà fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì?
3. Kí ló ń mú kí àwọn ilé náà wó?

IṢẸ́ ILÉ
Ẹ bi àgbà kan ní àdúgbò yín: ta ló kọ́ ilé tó pẹ́ jù níbẹ̀? Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.