Ìbọn olówó gọbọi, ọta kékeré

ÌBÉÈRÈ: Kúta nítòsí Ìwó ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Àgbẹ̀ ni mí, mo sì ń ṣọdẹ òru bí bàbá mi ti ṣe. Ìbọn ìbílẹ̀ tí mo jogún ni mò ń lò. Àbúrò mi tó wà ní Houston, ní Amẹ́ríkà, fi àwòrán ìbọn kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó gùn bí ìbọn ọdẹ, ṣùgbọ́n ọta ìbọn ìléwọ́ ló ń jẹ, owó rẹ̀ sì lé ní 3,000 dọ́là. Ó ní irú rẹ̀ mìíràn wà tí kò tó 1,000 dọ́là, àmọ́ pé ojúlówó kì í wọ́n lásán. Ó fẹ́ rà á, kó wá ọ̀nà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ mi, nítorí oko wa jìnnà sílé, ọkàn wa kò sì balẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Ṣé ìbọn náà tó iye tí wọ́n ń tà á? Ṣé yóò wúlò fún mi?
Ọdẹ Kúta

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu oko, Ọdẹ Kúta. Ìbéèrè méjì lẹ dì pọ̀ sójú kan, ìdáhùn wọn kò sì jọra. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá tiyín lóhùn, torí òun ni ẹ̀wọ̀n wà nínú rẹ̀.

N kò rí ọ̀nà tí ìbọn yẹn lè gbà dé Kúta tí kò ní kó yín sí wàhálà. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, tó wà ní orí F28 nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti 2004, pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kìíní ni èèwọ̀. Bọ́ǹbù wà níbẹ̀, ìbọn arọ̀jò-ọta wà níbẹ̀, gbogbo ìbọn ìléwọ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni pump-action tí àwọn ọdẹ kan ń gbé kọ́ èjìká káàkiri bí ẹni pé kò sóhun tó burú ńbẹ̀. Òfin náà ka ìbọn ológun mọ́ wọn, ìwọ̀n ọta ló sì fi dá a mọ̀: 7.62mm wà lára rẹ̀, 9mm náà wà lára rẹ̀. 9mm yìí gan-an ni èyí tó pọ̀ jù nínú irú ìbọn tí àbúrò yín ń sọ ń jẹ. Lọ́yà lè jà á pé ti ìdárayá ni, kì í ṣe ti ológun. Ẹ ò ní fẹ́ kó jẹ́ inú àtìmọ́lé lẹ ti máa gbọ́ àríyànjiyàn yẹn.

Ààrẹ nìkan ló láṣẹ láti fúnni ní ìwé ìbọn ọ̀wọ́ yìí. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìsí ìwé, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ló kéré jù. Ẹ má sì rò pé tálákà nìkan ni òfin yìí dè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Rótìmí Akérédolù, gómìnà Oǹdó nígbà náà, fárígá pé bí wọ́n bá ń kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ Kàtsínà ní AK-47, ó yẹ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ti ilẹ̀ Yorùbá náà ní in. Ààfin Ààrẹ dáhùn pé kò sí ìpínlẹ̀ kankan tí wọ́n fún láṣẹ bẹ́ẹ̀. Odidi gómìnà ni o, lọ́yà àgbà sì ni pẹ̀lú.

Ó dáa, ká tiẹ̀ ṣe bí ẹni pé òfin kò sí. Ṣé ìbọn náà yóò ṣiṣẹ́ fún ọdẹ Kúta?

Ọta ìbọn ìléwọ́ kúrú, ẹ̀tù inú rẹ̀ kò sì pọ̀, kí ọwọ́ lásán lè kápá ìbọn tó ń yìn ín. Ọta 9mm wọn nǹkan bíi gíráàmù 8, ó sì ń jáde lẹ́nu ìbọn ìléwọ́ pẹ̀lú eré tó tó mítà 350 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá gbé ọta kan náà sínú ìbọn gígùn tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 16, eré náà á gòkè dé bíi mítà 400. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ̀tù díẹ̀ yẹn ti jóná tán kí ọta tó dé ẹnu ọ̀pá. Ọta AK-47 náà kò wúwo ju gíráàmù 8 lọ, ṣùgbọ́n ó ń jáde pẹ̀lú eré tó lé ní mítà 700, nítorí náà agbára tó fi ń lu nǹkan ju ti 9mm yìí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá wo gígùn ìbọn yìí, tó rò pé agbára rẹ̀ gùn bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ló tàn.

Ohun tí gígùn rẹ̀ ń ṣe ní tòótọ́ ni kí ó fara ti èjìká, kí ọwọ́ méjèèjì sì dì í mú. Ẹni tí kò lè fi ìbọn ìléwọ́ ba agolo mílíìkì ní mítà 50 lè fi èyí bà á. Tó bá ti kọjá mítà 100, ọta náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sílẹ̀ gan-an, agbára rẹ̀ á sì máa dínkù.

Ẹ wá wo igbó yín. Ọ̀yà tú jáde nínú koríko lójijì, tọ́ọ̀ṣì orí yín bà á fírí, ó ti wọlé síbòmíràn. Àparò fò sókè. Kí ni ẹ fẹ́ fi ẹyọ ọta kan ṣe níbẹ̀? Ìbọn ọdẹ ń fọ́n ọta wẹẹrẹ dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí dé nǹkan bíi mítà 35, ibi tí ọ̀pọ̀ ẹran òru ti ń pàdé ọdẹ náà nìyẹn. Ìgalà tó tóbi ńkọ́? 9mm lè dọ́gbẹ́ sí i lára, kó sì bá ọgbẹ́ náà sá lọ kú sínú pápá ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ọdẹ lẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó bá ń ṣọdẹ báyẹn. Ọta wẹẹrẹ tó tàsé á tètè balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ 9mm tó tàsé lè rìn ju kìlómítà kan lọ. Òru ni. Ta ló mọ ẹni tó sùn sí abà tó wà níwájú?

Ọmọ Òwu lẹ̀yin ará Kúta, ẹ̀yin gan-an kọ́ ló yẹ kí n máa ṣàlàyé èyí fún. Sámúẹ́lì Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921 pé nígbà ogun Òwu, ní àwọn ọdún 1820, àwọn Ìjẹ̀bú ti rí ìbọn rà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó etíkun. Àwọn jagunjagun Òwu gbójú lé àdá gígùn wọn, wọ́n dúró de ìjà àfojúkojú. Akin ni wọ́n, ẹnikẹ́ni kò jiyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn ń bá wọn lókèèrè kí àdá tó kan ẹnikẹ́ni. Ìbọn ìgbà náà kò dáa tó ti òde òní. Ó kàn bá ìwọ̀n ọ̀nà tí ó wà láàárín ọmọ ogun méjèèjì mu ni. Ọ̀rọ̀ tiyín yìí náà nìyẹn, bí ẹran bá ṣe jìnnà sí yín lẹ fi ń yan ìbọn.

Èyí tó bá yín mu wà ní ọ̀wọ́ kejì: ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì, tí ẹ ń fi ọwọ́ ki ọta sí, tí kò ní ẹ̀rọ tó ń ki ọta fúnra rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ni ìwé àṣẹ rẹ̀. Òfin kò ní kí wọ́n fún ẹni tí kò tó ọmọ ọdún 17, tàbí aṣiwèrè, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. (Ti ọ̀mùtí yẹn, bí wọ́n bá ń yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹgbẹ́ ọdẹ kan tí mo mọ̀ á tú ká.) Ẹ lọ sí olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní Òṣogbo, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba ìwé ìbéèrè tuntun lásìkò yìí, kí ẹ tó fún oníṣòwò kankan ní kọ́bọ̀. Ìbọn tí ẹ jogún, bí ó bá jẹ́ ṣakabùlà tí wọ́n ń ki láti ẹnu, ọ̀wọ́ kẹta ló wà. Òun náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, ogún kì í sì í ṣe ìwé.

Ní ti àbúrò yín, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rọrùn díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ìlú Amẹ́ríkà tàbí tó ní gírìn káàdì, tí kò sì sí ẹ̀sùn lọ́rùn rẹ̀, ó lè ra ìbọn náà ní Texas. Bí ó bá jẹ́ físà ìgbà díẹ̀ ló fi wà níbẹ̀, kó kọ́kọ́ bi lọ́yà, torí òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kò gba ọ̀pọ̀ irú wọn láàyè, àfi àwọn tó ní ìwé ọdẹ àtàwọn díẹ̀ mìíràn. Kó rí i pé ọ̀pá rẹ̀ tó ínǹṣì 16, torí èyí tó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀, tó sì ní ìdí tí wọ́n ń gbé ti èjìká, ní ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀.

Kí ni 3,000 dọ́là ń rà? Ọ̀kan lára àwọn olówó gọbọi wọ̀nyí, tí wọ́n ń tà bí ìbọn ìléwọ́ nítorí pé ọ̀pá rẹ̀ kò tó ínǹṣì 16, ni SP5 ti iléeṣẹ́ Heckler & Koch ní Jámánì. Ọmọ MP5 ni, ìbọn tí gbogbo ayé rí lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù karùn-ún ọdún 1980 nígbà tí àwọn ọmọ ogun SAS ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ya wọ iléeṣẹ́ aṣojú Iran ní London. Nínú rẹ̀, àwọn rólà kéékèèké ló ń dá irin ìdí ọta dúró díẹ̀ kó tó padà sẹ́yìn, nítorí náà ìbọn náà kì í ta ẹni púpọ̀, ọta kejì sì ń yá. Nínú PC Carbine ti Ruger, tí kò tó 1,000 dọ́là, irin wúwo ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, èèyàn sì ń mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ ọta kan náà ló ń ti ẹnu àwọn méjèèjì jáde, pẹ̀lú eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ti Ruger yẹn tún lè lo àpò ọta Glock, bí ó bá ti ní ìbọn ìléwọ́ Glock tẹ́lẹ̀. Bí àbúrò yín bá ń lọ ìdíje ìbọn yínyìn ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, tí ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá sì ṣe pàtàkì sí i, olówó gọbọi yẹn tó owó rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, orúkọ àti ìtàn ló ń rà. Kó ra ti Ruger, kó fi owó tó kù ra ọta tí yóò fi kọ́ ìbọn yínyìn.

Tàbí kó fi owó náà ránṣẹ́ sílé. Àìfọkànbalẹ̀ tí ẹ sọ nípa rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ìbọn ẹnì kan lè yanjú. Ohun tó lè ràn yín lọ́wọ́ ni ìmọ́lẹ̀ sólà ní abà, fóònù tó ní bátìrì tó lágbára, nọ́ńbà Àmọ̀tẹ́kùn àgbègbè yín nínú rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ oko ní ẹgbẹ́ ẹni mẹ́ta mẹ́rin. Gbogbo ìyẹn kò lè jẹ ìdá kan nínú ìdá mẹ́rin owó ìbọn yẹn.

Ó ku “ọ̀nà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ mi”. Ẹ pè é lónìí, kí ẹ sọ fún un pé kó má ṣe dì í sínú mọ́tò tàbí fíríìjì tó ń kó bọ̀. Wọn kì í kó ìbọn kúrò ní Amẹ́ríkà láìgba àṣẹ, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tiwa sì ti mọ ọgbọ́n yẹn tipẹ́: ní oṣù kìíní ọdún 2017, wọ́n rí pump-action 661 nínú kọ̀nténà kan ní Èkó, tí wọ́n fi ilẹ̀kùn irin bò mọ́lẹ̀, ní 2024 wọ́n rí ìbọn 844 ní èbúté Onne. Orúkọ ẹni tó fẹ́ gba ẹrù ló máa ń wà lórí ìwé ẹrù, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń wá dé ilé rẹ̀.