Kí Orúkọ Tó Yọ Nínú Fíìmù Yín

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe fíìmù amúnijáyà sábà máa ń dorí òwe yìí kodò. Wọn a kọ́kọ́ wá lẹ́tà tó ń ṣẹ̀jẹ̀ àti orin tó ń dún gbì-gbì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn a to orúkọ olùdarí àti òṣèré sí i. Ìgbà tí wọ́n bá ya eré tán ni wọ́n tó rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ àti ìtàn kò bára tan. Lójú tèmi, ìbéèrè kan ló yẹ kó ṣáájú kámẹ́rà: kí ni fíìmù yìí ń fi pa mọ́ fún òǹwòran? Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò yan àwọ̀, iná, ibi tí kámẹ́rà yóò dúró sí àti bí orúkọ yóò ṣe yọ.

Ẹ wo Se7en tí David Fincher darí ní 1995. Kyle Cooper ló ṣe abala orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ ẹnìkan la rí: ó ń fi abẹ bó awọ orí ìka rẹ̀, ó ń gé ìwé, ó ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú gán an pọ̀. A kò rí ojú rẹ̀. Àwọn orúkọ náà rí wúruwùru, àfi bí ẹni pé ẹni tó ni ọwọ́ yẹn ló ha wọ́n. Apààyàn tí àwọn ọlọ́pàá yóò máa wá kiri la ti pàdé yẹn, a kò kàn tíì mọ̀ ọ́n ni. Wọn kò tilẹ̀ fi orúkọ Kevin Spacey, tó ṣe apààyàn náà, sí ìbẹ̀rẹ̀; ìparí ni wọ́n gbé e sí, nítorí òǹwòran tó bá ti ka orúkọ gbajúmọ̀ yóò máa retí rẹ̀. Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ẹ̀kọ́ yìí tóbi ju ti lẹ́tà híha lọ.

Ẹnìkan lè ní owó ńlá ló ṣe ìyẹn. Bí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Owó tí John Carpenter fi ṣe Halloween ní 1978 kò ju bíi 325,000 dọ́là lọ, owó táṣẹ́rẹ́ ni lọ́dọ̀ àwọn onísinimá Amẹ́ríkà. Elégédé kan tí wọ́n gbẹ́ ojú àti ẹnu sí, tí iná ń jó nínú rẹ̀, ni wọ́n gbé sínú òkùnkùn. Kámẹ́rà ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, orúkọ aláwọ̀ ọsàn ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orin dùùrù tí Carpenter fúnra rẹ̀ kọ ń dún. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú irú òkùnkùn yẹn náà ni apààyàn inú eré ti ń yọ.

Ká ní ìtàn yín dá lórí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó pòórá. Ìwé tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ti tó yín. Ó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, oníkálukú ń fi báírò kọ orúkọ kan, ti olùdarí, ti ayàwòrán, ti òṣèré, títí yóò fi kan ìlà kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí. Kí àwọ̀ búlúù báírò yẹn máa padà yọ lára aṣọ àti ògiri. Bó bá jẹ́ iná kan péré lẹ ní, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́, kí ìdajì ojú òṣèré wà nínú òkùnkùn títí àṣírí yóò fi tú. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà kọ̀ǹpútà sì ni kì í gbé àmì ohùn orúkọ wa dáadáa. Ọwọ́ yóò kọ ọ́ pé.

Àtakò tó wúwo jù ni pé fíìmù akẹ́kọ̀ọ́ kì í gùn: kí ló dé tí orúkọ yóò fi jẹ ìṣẹ́jú kan nínú mẹ́wàá? Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ pé ṣe ni orúkọ kàn ń kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí ìlà òfìfo yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bí ìtàn yín kò bá ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ẹ má fipá wá a. Ẹ kó orúkọ sí ìparí, kí ẹ wọ inú eré lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ tó lọ yá kámẹ́rà, ẹ kọ ohun tí fíìmù yín ń pa mọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí gbogbo ẹni tí yóò di iná àti kámẹ́rà mú kà á.