Dọ́là mélòó ni ká fi gbé ìbọn sára ní Des Plaines?

ÌBÉÈRÈ

Des Plaines, ní Illinois, ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Green card ni mo ní, kò sì ní pẹ́ mọ́ tí màá fi lè tọrọ ìwé ọmọ onílùú. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ibi tí a ń gbọ́kọ̀ sí níbẹ̀ sì ṣókùnkùn. Láìpẹ́ yìí, wọ́n já mọ́tò gbà lọ́wọ́ ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé màá gba ìwé àṣẹ tí èèyàn fi ń gbé ìbọn ìléwọ́ sábẹ́ aṣọ. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Hammond, ní Indiana, ní òun ò san kọ́bọ̀, òun ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Àbúrò ọkọ mi ní Milwaukee, ní Wisconsin, san dọ́là 40, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò tíì pé tí ìwé rẹ̀ fi dé. Èmi wá béèrè níbí, wọ́n ní dọ́là 150, kíláàsì ọjọ́ méjì, oṣù mẹ́ta. Ṣé Amẹ́ríkà kan náà kọ́ ni gbogbo wa wà ni? Ṣé mi ò lè lọ gba ti Indiana ní tèmi?

— Ìyá Ìbejì, Des Plaines

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ o. Ẹ ṣé tí ẹ béèrè kí ẹ tó náwó.

Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yín sọ, òótọ́ sì ni àbúrò ọkọ yín náà sọ. Kò sí iye kan tí ìjọba àpapọ̀ dá lé ìwé yìí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣòfin tirẹ̀. Illinois ló gbẹ̀yìn nínú gbogbo ìpínlẹ̀ àádọ́ta tó gba aráàlú láàyè láti gbé ìbọn sábẹ́ aṣọ. Kò sì fínnúfíndọ̀ gbà á. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Chicago ló sọ ní December 2012, nínú ẹjọ́ Moore v. Madigan, pé wọn ò lè máa fi òfin dí i pa pátápátá mọ́. Ní July 2013 ni wọ́n ṣe òfin tuntun, fọ́ọ̀mù sì jáde ní January 2014. Ẹni tí wọ́n fi tipátipá mú ṣílẹ̀kùn, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń ṣí i, bẹ́ẹ̀ náà ni òfin wọn rí.

Ẹ wo ibi tí dọ́là 150 yẹn ń lọ. 120 ń bọ́ sí àpò tí Ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Illinois fi ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, 20 wà fún àkọsílẹ̀ ìlera ọpọlọ, 10 tó kù sì jẹ́ ti ilé àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń tú àṣírí ọ̀daràn. Kí ẹ tó débẹ̀ rárá, ẹ gbọ́dọ̀ ti ní káàdì FOID, ìyẹn ìwé àṣẹ láti ní ìbọn, tí òfin rẹ̀ ti wà láti 1968: dọ́là 10, ọdún 10. Lẹ́yìn ìyẹn ni kíláàsì wákàtí 16, tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ń dá iye tó wù ú lé. Níparí rẹ̀, ẹ ó yin ọta 30: mẹ́wàá láti yáàdì 5, mẹ́wàá láti yáàdì 7, mẹ́wàá láti yáàdì 10. 21 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àwòrán èèyàn tí wọ́n gbé síwájú yín. Ẹ má jẹ́ kí èyí bà yín lẹ́rù. Yáàdì 5 kò ju ẹsẹ̀ bàtà 15 lọ.

Ní ti oṣù mẹ́ta, 90 ọjọ́ ni òfin fún ọlọ́pàá bí ẹ bá tẹ̀ka. Bí ẹ ò bá tẹ̀ka, wọ́n á fi 30 ọjọ́ kún un. Ẹ tẹ̀ka. Ìdí tí tiyín fi pẹ́ ju ti Milwaukee lọ ni pé ní Illinois, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá yòówù ní àǹfààní láti sọ láàárín 30 ọjọ́ pé àwọn ò fara mọ́ ẹni yìí, ọ̀rọ̀ á sì di ti ìgbìmọ̀. Wisconsin, tó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011, kò ní irú rẹ̀: ìjọba á yẹ orúkọ wò bóyá ó mọ́, á sì fún èèyàn lésì láàárín 21 ọjọ́. Indiana ní tirẹ̀ kò sọ ìwé di dandan mọ́ láti July 1, 2022. Ẹni tí òfin kò bá ti dí lọ́wọ́ lè gbé ìbọn rẹ̀ láìgbàwé. Ìpínlẹ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti ju ìdajì lọ báyìí, Texas wà lára wọn láti September 2021. Bí ẹ bá rò pé Illinois wọ́n, ẹ bi àwọn ará wa ní New York City, níbi tí ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí dọ́là 340 fún ìwé ìbọn ìléwọ́ ní 2013, tí òfin ìpínlẹ̀ wọn sì fún ìjọba ní oṣù mẹ́fà gbáko. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fúnra rẹ̀ sọ nínú ẹjọ́ Bruen, ní June 2022, pé bí owó tàbí ìdúró bá pọ̀ débi pé ó ń fi ẹ̀tọ́ du mẹ̀kúnnù, èèyàn lè pe irú ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́. Lójú tèmi, ti Illinois kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ béèrè bóyá ẹ lè gba ti Indiana. Rárá. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tàbí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń fún. Ká tiẹ̀ ní ẹ rí i gbà, Illinois kò ka ìwé ìpínlẹ̀ kankan sí. Ìwé Indiana ní Des Plaines, bébà lásán ni.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ẹni tó bá gbé ìbọn kiri ní Illinois láìní ìwé Illinois ti ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí mẹ́ta ni fún ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Bí ọmọ onílùú bá ṣe é, á ṣẹ̀wọ̀n, á padà sílé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní green card, òfin àwọn aṣíkiri sọ pé ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ọ̀ràn ìbọn ti di ẹni tí wọ́n lè dá padà sílé. Láti ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó lè di ọkọ̀ òfuurufú Èkó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yá yín ní ìbọn “fún ọjọ́ mélòó kan” nígbà tí ìwé kò tíì dé.

Ọ̀rọ̀ kejì nìyí, kò sì ní dùn mọ́ yín nínú. Bí ìwé bá tilẹ̀ dé, òfin ka ilé ìtọ́jú arúgbó mọ́ ibi tí ìbọn kò gbọ́dọ̀ wọ̀: inú ilé, orí ilẹ̀ rẹ̀, àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ohun tó yọ̀ǹda ni pé ìbọn lè wà lára yín nínú ọkọ̀ títí ẹ ó fi gúnlẹ̀, kí ẹ sì tì í mọ́ inú ọkọ̀ níbi tí ojú kò ti ní rí i. Láti ẹnu ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, níbi tí ẹ̀rù ti ń bà yín gan-an, ìbọn kò ní sí lára yín. Ká sòótọ́, ohun tí ẹ fẹ́ fi owó yẹn rà kò sí nínú ọjà yìí. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá yín, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ alẹ́ lápapọ̀, pé kí wọ́n fi iná sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, kí wọ́n fi àyè tó sún mọ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún yín, kí ẹ sì máa jáde ní méjì-méjì. Ìyẹn kò gba FOID.

Ní Des Plaines àti agbègbè rẹ̀, ibi tí ìwé náà kò dé kò lóǹkà: Rivers Casino, Oakton College, ilé ìkàwé, ọgbà ìtura ìlú, igbó ọba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Des Plaines, bọ́ọ̀sì Pace, ọkọ̀ ojú irin Metra, pápákọ̀ òfuurufú O’Hare. Ẹni tó bá wọ Metra lọ sí Chicago kò lè gbé e dání.

Bí ọ̀rẹ́ yín bá ń ti Hammond bọ̀ wá kí yín, òfin fàyè gba àlejò tó tọ́ sí i pé kí ìbọn rẹ̀ wà ní ìpamọ́ nínú ọkọ̀. Bó bá ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kó tì í mọ́ ibẹ̀. Kó má gbé e wọ ilé yín.

Bí ọkàn yín kò bá kúrò níbẹ̀ síbẹ̀, FOID ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, kí ẹ tó sanwó kíláàsì. Kí ẹ sì ti máa kó àdírẹ́sì jọ, torí fọ́ọ̀mù ń béèrè gbogbo ibi tí ẹ ti gbé láti ọdún 10 sẹ́yìn. Bí Ìbàdàn bá wà lára rẹ̀, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àdúgbò àti nọ́ńbà ilé, kó sì bá èyí tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù green card yín mu.