ERÉ AJÁ NÍNÚ ỌYẸ́

KÀ: Òwe 12:8-12
ẸSẸ ÌRÁNTÍ: Òwe 12:10

Olùfẹ́, bí o bá ti gbé Ìjagbo lásìkò ọyẹ́ rí, o mọ̀ pé òwúrọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ yìí ti máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ó sì lè wọ oṣù kẹta kí ó tó lọ. Eruku rẹ̀, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti orílẹ̀-èdè Ṣáàdì wá, a bo òrùlé, a bo ewé. Ètè a là, àwọn ọmọ a kó igi àti pòròpórò jọ, wọn a máa yáná lẹ́yìnkùlé.

Irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ni inú ajá wa, Tanímọ̀la, máa ń dùn jù. Yóò tẹ́ ẹsẹ̀ iwájú sílẹ̀, yóò gbé ìdí sókè, yóò máa jùrù. Báyìí ni ajá ṣe ń pe ẹlòmíràn síbi eré. Yóò já sálúbàtà gbà lẹ́sẹ̀ ọmọ, yóò sá yí iná ká, gbogbo ilé yóò sì bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin mi fẹ́ gba sálúbàtà rẹ̀ padà. Eyín ajá bà á lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ yọ. Ẹnìkan nínú àgbàlá ní, "Eré lásán ni, Pásítọ̀. Ẹ fi epo pupa síbẹ̀." Ṣùgbọ́n àyà mi já. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń sọ pé n ó mú ajá náà lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, n kò sì lọ. Kì í ṣe pé kò sówó. Mo ra súwẹ́tà fún àwọn ọmọ nítorí ọyẹ́, ti ajá ni mo ń fi sí ọ̀la. Ajá tí mo sọ ní Tanímọ̀la ni mo ń dá ọ̀la fún!

Olùfẹ́, itọ́ ajá tó ní dìgbòlugi ni àrùn náà ń bá wọ ara ènìyàn. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ẹni, agbára káká ni a fi ń rí ẹni tó yè é. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ wà ṣáájú ìgbà náà. Láti 1885, nígbà tí Louis Pasteur ní ilẹ̀ Faransé tọ́jú ọmọ ọdún 9 tí ajá bù jẹ, ni a ti mọ̀ pé abẹ́rẹ́ tí a tètè gbà lè gba ẹ̀mí là.

A fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ ọmọ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀ffà lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún un. Wọ́n ní kí a so ajá mọ́lẹ̀, kí a máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Bí eruku ọyẹ́ bá mú un wúkọ́ lóru, oorun ti lọ lójú mi nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó jẹun, ó jùrù. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì mú un lọ gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀.

Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ní tèmi, ọdẹ gan-an ni kò gbọ́ fèrè. Ẹsẹ ìrántí wa kọ́ wa pé olódodo a máa náání ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Ìtọ́jú tí o fi du ajá lónìí lè di ẹkún ọmọ rẹ lọ́la.

IṢẸ́ ÒNÍ
1. Bí ọmọ ajá rẹ bá ti pé oṣù 3, mú un lọ gba abẹ́rẹ́. Máa tún un gbà bí dókítà ẹranko bá ṣe là á sílẹ̀.
2. Tẹ́ àpò fún un níbi tí ọyẹ́ kò ti ní fẹ́ lù ú, sì máa fún un lómi, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa òùngbẹ.
3. Da omi pa iná tí ẹ yá kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.
4. Má na ọmọ tó bá sọ fún ọ pé ajá gé òun jẹ, kí ó má baà fi pamọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

ÀDÚRÀ: Baba, má ṣe jẹ́ kí ohun tí mo ń fi falẹ̀ di ọ̀fọ̀ nínú ilé mi, ní orúkọ Jésù. Àmín.